Ta Ni Yóò Pè Wá sí Ọ̀wẹ̀ ní Kàdúná?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní ìlú yìí, pàápàá jù lọ lẹ́nu àwọn tí ọwọ́ wọn ti ń tó ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, "Ó wù mí láti ran ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo ti lè ṣe é. Kò sí ẹni tí ó pè mí." Ẹni tí ó sọ ọ́ kò purọ́. Oníṣòwò ni, bí ó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ní wákàtí kan tàbí méjì lọ́wọ́. Tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó mọ̀wé kọ, ara rẹ̀ le, ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sì ṣófo bí kò bá sí òde. Síbẹ̀ ọdún ń gorí ọdún, kò sì fi ọwọ́ kan ẹrù ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, tàbí kò jẹ̀bi?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí a ti ń ṣe é ní abúlé. Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ láìgba owó. Èkíní ni àáró. Àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn dọ́gba yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò ro oko tèmi lónìí, wọn yóò ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àáró. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tí kò san án, ojú yóò tì í láàrin ẹgbẹ́. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá já lé léjìká, bí ilé kíkọ́ tàbí oko àna, yóò ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀ fún àwọn tí ó bá wá. A kì í ka ọjọ́ ọ̀wẹ̀ síra wa lọ́rùn bí a ti ń ka ti àáró, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ní ìpè. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ránṣẹ́, o sì lọ. Baálẹ̀ ní kí a tún ọ̀nà odò ṣe, o sì gbé ọkọ́. Ẹni tí a kò ránṣẹ́ sí lè jókòó sílé rẹ̀ láìsí ẹ̀bi, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ gbogbo ènìyàn. Bí wọn kò bá pè ọ́, ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kò sí, tàbí pé ọwọ́ ti pé. Nítorí náà, ní abúlé, "wọn kò pè mí" jẹ́ àwíjàre tí ó tó.

Kàdúná kì í ṣe irú ìlú bẹ́ẹ̀. Abúlé àwọn Gbagyi ni ó wà káàkiri agbègbè yìí kí Lugard tó yan etí odò Kàdúná fún olú-ìlú tuntun ti Òkè Ọya. Ní 1917 ni ìjọba sì kó ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò ní Zungeru wá síhìn-ín. Reluwé tí ó ti Èkó wá ti ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Kano. Nígbà tí yóò sì fi di 1930, ọ̀nà irin tí ó ti Port Harcourt wá náà ti dé bá a, Kàdúná sì di oríta. Akọ̀wé wá, ṣọ́jà wá, òṣìṣẹ́ reluwé wá, oníṣòwò sì wá pẹ̀lú. Àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú wà lára wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí Ogbomosho Road àti Ibadan Street láàrin ìlú. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ, èyí sì tún fa ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn wá sí Kakuri àti Makera. Ìlú àlejò ni Kàdúná láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Nínú irú ìlú yìí, ta ni yóò lu agogo ọ̀wẹ̀? Ẹni tí ó bá ọ pa ògiri pọ̀ ní Barnawa lè jẹ́ ará Kafanchan, ẹni tí ó kọjú sí ọ sì lè jẹ́ ará Maiduguri. Opó tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé rẹ kò mọ orúkọ rẹ, kò sì gbọ́ èdè rẹ. Bí ìjì bá ṣí páànù ilé rẹ̀, kò ní ọ̀nà tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n ìpè kò sí. Èyí gan-an ni ó ya ìlú ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára abúlé. Ní abúlé, bí a kò bá gbọ́ ìpè, a mọ̀ pé iṣẹ́ kò sí. Ní ìlú ńlá, bí a kò bá gbọ́ ìpè, a kò tíì mọ nǹkan kan. Nítorí náà ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ní ìlú ńlá, wíwá iṣẹ́ náà rí jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó de ìpè ní abúlé ní àre. Ẹni tí ó jókòó de ìpè ní Kàdúná kò ní àre.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá le lójú ẹnikẹ́ni, kí ó wo iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ta ni ó pè wá wá sí Òkè Ọya? Kò sí ẹni tí ó pè wá. A gbọ́ pé ọjà ń bẹ níbẹ̀, a di ẹrù, a bèèrè ọ̀nà, a kọ́ èdè Haúsá díẹ̀díẹ̀, a sì wá oníbàárà títí a fi rí i. Ẹ̀yin akọ̀wé, bí fáìlì kan bá sọnù, ẹ kì í sọ pé fáìlì náà kò pe ẹ̀yin. Ẹ ó máa bèèrè láti tábìlì dé tábìlì títí yóò fi yọjú. Bí a bá lè wá èrè kiri láìsí ìpè, tí a sì lè wá fáìlì kiri láìsí ìpè, a kò lè sọ pé iṣẹ́ àánú nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wá wa wá sílé.

Àwọn kan yóò dáhùn pé, "A kúkú ń ṣe é. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ń pàdé lóṣooṣù, a sì ń dá owó fún ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ìlú wa. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé." Òtítọ́ ni wọ́n sọ, iṣẹ́ rere sì ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ni ó kàwé ní ilẹ̀ Yorùbá lórí owó tí àwọn ará Òkè Ọya dá. Àwọn àlejò tí ó kó ara wọn jọ ti ṣe bẹbẹ ní ibòmíràn pẹ̀lú. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London ní 1925, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sínú yàrá wọn. Láti 1929 sí 1932 ni ó fi rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti tọrọ owó, ní 1933 ni ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé ibùgbé tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Solanke kò dúró de ìpè, àti pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ọmọ Ẹ̀gbá nìkan. Ará Gold Coast wà nínú rẹ̀, ará Sierra Leone sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a máa ń gbàgbé. Owó lè gba báńkì lọ sí Ọ̀ffà. Ọwọ́ kò lè gba báńkì lọ. Ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè rẹ kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Etí rẹ tí ó lè gbọ́ ẹjọ́ arúgbó, ẹsẹ̀ rẹ tí ó lè bá aláìsàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, àti ìmọ̀ rẹ tí ó lè tún ìwé ìṣirò ẹlòmíràn ṣe, ibi tí ara rẹ wà ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà kò sí ìjà láàrin ilé àti àjò nínú ọ̀ràn yìí. Jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ máa lọ sílé bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè lọ sílé ni ìlú Kàdúná ń bèèrè. Bí a kò bá lò ó níhìn-ín, a kò fi pamọ́ fún ilé; a kàn fi ṣòfò ni.

Àwọn tí ó mọ Ìwé Mímọ́ yóò rántí lẹ́tà tí wòlíì Jeremáyà kọ sí àwọn Júù tí ogun kó lọ sí Bábílónì. Wọn kò fẹ́ràn ìlú náà, ẹ̀rú ni ó gbé wọn débẹ̀, ọkàn wọn sì wà nílé. Ìmọ̀ràn tí ó fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe máa gbé bí ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà; kí wọ́n máa lépa ire ìlú tí wọ́n wà, nítorí bí iná bá mú ilé, kì í fo yàrá àlejò dá. Bí a bá lè sọ èyí fún ẹni tí a fi ipá gbé wá, mélòómélòó ni àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa wá.

Àtakò kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn àgbàlagbà wa ń bèèrè pé, "Bí a bá ṣiṣẹ́ fún ìlú onílùú, tí wọ́n sì lé wa lọ́la ńkọ́?" Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kí ó kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníṣòwò Yorùbá tí ó ti gbé Kumasi àti Tamale láti ìgbà èwe wọn ni ó padà wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè gbé. Ní Kàdúná níhìn-ín pàápàá, a kò gbàgbé oṣù kejì àti oṣù karùn-ún 2000, a kò gbàgbé oṣù kọkànlá 2002, a kò sì gbàgbé oṣù kẹrin 2011. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ṣí kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn Kristẹni kó lọ sí gúúsù odò, púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí sì kó lọ sí àríwá rẹ̀.

Kí ni a ó fi dá àtakò yìí lóhùn? A kò ní sọ pé ẹni tí ó bá ṣe oore kò ní rí ibi. Irọ́ ni yóò jẹ́, gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ó sọ ni pé iṣẹ́ àánú kì í ṣe owó tí a ń san fún ọdẹ àdúgbò kí a lè sùn fọkàn balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ààbò ni a ṣe ń ṣe é, a jẹ́ pé ọjà ni a ń ná, ẹni tí ó ń ná ọjà sì lè bínú bí ọjà kò bá gbè é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ènìyàn ni a ṣe fún un ní omi, omi náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó mu ún. Omi tí a bù fún aláìsàn ní Tamale ní 1965 kò padà sínú kànga nítorí àṣẹ 1969. Ohun tí a bá ṣe fún ọmọ ènìyàn, ó ti ṣe é fún un. Ìwà tí òun tàbí ìjọba rẹ̀ bá hù lẹ́yìn náà, ẹjọ́ tiwọn ni.

Oníṣòwò kan wà tí ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Henry Dunant ni orúkọ rẹ̀, ará Switzerland sì ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859 ó rin ìrìn àjò lọ sí ìhà àríwá Ítálì nítorí ọ̀ràn òwò rẹ̀ tí ó fẹ́ bá ọba ilẹ̀ Faransé sọ. Ó bá ogun Solferino pàdé níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kó wá sí ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Castiglione, inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ìta gbangba ni wọ́n sì nà wọ́n sí. Dunant kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe ọmọ ìlú náà, ogun náà kò sì kàn án. Kò sí ẹni tí ó pè é. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ṣe aláìní, ó bá àwọn obìnrin ìlú náà pọn omi, ó bá wọn di ọgbẹ́, wọn kò sì ya ọmọ ogun apá kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti apá kejì. Láti inú ohun tí ó rí níbẹ̀ ni Red Cross ti jáde ní 1863. Ní 1960 ni òfin ilẹ̀ wa dá ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ aṣọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń gbé àwọn tí ó fara pa ní àkókò rògbòdìyàn ìlú yìí. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa kí a tó gbé e dé ọ́sibítù. Àwọn tí ó ń gùn ọ̀nà Àbújá àti Zaria lójoojúmọ́ mọ bí ìmọ̀ náà ti wúlò tó.

A kò ní láti lọ jìnnà. Ní Kàdúná níhìn-ín, Pásítọ̀ James Wuye àti Ímáàmù Muhammad Ashafa jẹ́ ọ̀tá ara wọn nígbà kan. Nínú ìjà ọdún 1992, Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀. Ní 1995 ni àwọn méjèèjì dá ilé iṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2002, àwọn olórí ẹ̀sìn ní ìlú yìí fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà kan. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjà tún fi bẹ́ sílẹ̀. Wọn kò tìtorí èyí kó ẹrù wọn. Àwa ọmọ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀, nítorí pé nínú agbo ilé kan náà ni a ti ń rí ẹ̀gbọ́n tí ń lọ sí mọ́ṣáláṣí àti àbúrò tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlú tí odò pín sí méjì ń wá ẹni tí ó lè kọjá afárá láìjẹ́ àjèjì ní apá méjèèjì. Bí àwa kò bá lè ṣe é, ta ni yóò ṣe é?

Ó kù kí a sọ bí a ti ń wá iṣẹ́ náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tó.

Ìbéèrè kìíní ni pé, kí ni ó wà lọ́wọ́ mi? Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò di ọgbẹ́. Ní 2002 ni Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn, ní 2007 ni United Nigerian Textiles náà ti tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó fi ọdún púpọ̀ retí ẹ̀tọ́ wọn, àwọn kan kú sẹ́nu ìretí, opó wọn sì ń gbé ìwé kiri. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè mọ ọ́fíìsì tí ó yẹ kí òun lọ, tàbí irú ìwé tí wọ́n ń bèèrè. Akọ̀wé tí ó ti fi ogún ọdún kọ lẹ́tà ìjọba lè fi wákàtí kan ṣe ohun tí opó náà kò lè fi ọdún kan ṣe. Oníṣòwò mọ ìṣirò: ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà tí ń dá èésú lè ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn bí a ti ń kọ owó sínú ìwé. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ lè gbé aláboyún ní òru. Ẹni tí kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ara líle, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára rẹ̀. Kò sí fákítìrì tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì lè pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ nínú fíríjì. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń gba ẹ̀jẹ̀ fún ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí, Kàdúná ni ó wà. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ náà kò ní bèèrè èdè tí ó ń sọ.

Ìbéèrè kejì ni pé, ta ni ó ń ru ẹrù náà báyìí? Kò sí ìyà kan ní ìlú yìí tí ẹnì kan kò ti máa bá jà kí ìwọ tó dé. Nọ́ọ̀sì àgbà ń bẹ ní ọ́sibítù Barau Dikko àti ní St. Gerard's ní Kakuri. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ ní àdúgbò rẹ, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti ará àdúgbò tí ń bá a bójú tó o. Mai unguwa ń bẹ, ẹni tí ó mọ ilé tí ebi wà àti gọ́tà tí ó dí. Tọ̀ wọ́n lọ, kí wọn dáadáa, kí o sì bèèrè pé, "Kí ni ó ń dá yín dúró?" Má ṣe dé pẹ̀lú ohun tí o ti pinnu nílé. Ìdáhùn lè má dùn mọ́ ọ. O lè fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì sọ pé àwọn bẹ́ǹṣì tí ó fọ́ ni ó ń dun òun. Wá òòlù àti ìṣó nígbà náà.

Ìtàn àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ fi èyí hàn wá. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya, Kàdúná sì wà lára wọn, dá oògùn àjẹsára náà dúró nítorí ìfura tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Oògùn kò wọ́n, dókítà kò sì wọ́n. Ìfọkàntán ni ó wọ́n. Láti 2012 ni wọ́n ti yan àwọn obìnrin àdúgbò fúnra wọn, tí a fún ní owó ìṣírí díẹ̀, láti máa lọ láti ilé dé ilé. Àwọn ìyá mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni a kéde pé àrùn náà, ní irú tirẹ̀ tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí ó mọ ilé ni ó ṣe é, kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀wé jù.

Ìbéèrè kẹta ni pé, èwo nínú rẹ̀ ni mo lè ṣe láìyẹ̀? Ẹni tí ó bá ṣèlérí ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ tí ó wá lẹ́ẹ̀kan ti pa àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e lára. Ẹni tí ó ṣèlérí ọjọ́ Sátidé kìíní nínú oṣù, tí a sì ń rí i ní gbogbo Sátidé kìíní, òpó ni ó jẹ́. Àwọn ọmọ aláìlóbìí ni ọ̀ràn yìí kàn jù. Àlejò tí ó bá wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó gbé ọmọ mọ́ra, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì lọ láìpadà, ó ti tún fi kún àwọn tí ó ti fi ọmọ náà sílẹ̀ rí.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú. Má ṣe gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí ó yẹ kí a sanwó fún. Bí onílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan bá fẹ́ fi ọ́ dípò olùkọ́ kí ó má bàa san owó oṣù, àpò rẹ̀ ni ò ń ràn lọ́wọ́. Má ṣe fi ìwàásù dè oúnjẹ: ní ìlú tí ẹ̀sìn ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, oore tí a so okùn mọ́ ń mú kí a fura sí gbogbo oore yòókù. Lẹ́yìn náà, má ṣe fi ìwọ̀n kan wọn gbogbo ènìyàn. Obìnrin tí ó ń ta ata láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí ó sì ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò lè dìde, kò jẹ wá ní Sátidé kankan. Òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bóyá òun gan-an ni ẹni tí ó yẹ kí a lọ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó ń fẹ́.

A ti bèèrè bí ẹni tí ó sọ pé "kò sí ẹni tí ó pè mí" bá jẹ̀bi. Ìdájọ́ wa ni pé kò tíì jẹ̀bi ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó rò pé abúlé ni òun ṣì wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ti mọ̀ pé ìlú ńlá kì í lu agogo, bí ó bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò ní ẹni tí yóò dá a láre. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa lọ sí ibì kan ṣoṣo ní àdúgbò rẹ̀ níbi tí a ti ń ru ẹrù, kí ó sì bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo náà: kí ni ó ń dá yín dúró? Kí ó gbọ́ ìdáhùn náà parí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìpè tí ó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ wà nínú ìdáhùn náà.